Ìtumọ̀ àti Ìlò "Bàjẹ́" nínú Ìtàn Ìlú: Àyẹ̀wò láti Ìgbà Ọ̀yọ́ Ilé

Ìfáárà

Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ìjọba Ọ̀yọ́ láàárín 1754 sí 1836, ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ ti ẹnu wọn jáde ni pé Ọ̀yọ́ "ṣubú". Nígbà tí wọ́n bá sì ń fi akọlé sórí àròkọ wọn, wọn a kọ "Ìdìde àti Ìṣubú Ọ̀yọ́". Kò sí ẹni tí yóò ní ohun tí wọ́n wí kò yé òun, síbẹ̀ etí àgbà kì í gba gbólóhùn náà wọlé bọ̀rọ̀. Ènìyàn ní í ṣubú. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àtọmọdé àtàgbà tí òwe yìí ń sọ, odindi ni wọ́n wà lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú tán. Wọn yóò dìde, wọn yóò gbọn eruku ara wọn dànù. Inú Bíbélì, níbi tí Bábílónì ti ṣubú, àti inú ìwé ìtàn tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ni ìlú ti kọ́ bí a ti í ṣubú ní èdè Yorùbá.

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn tí wọ́n ni èdè ní ọ̀rọ̀ tí ó tó, tí ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù, fún irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé *bàjẹ́* ni olórí wọn. A ó wo ìhun ọ̀rọ̀ náà, a ó wo àwọn tí wọ́n bá a tan, a ó sì gbé e ka orí ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé láti mọ ibi tí ó bá a mu àti ibi tí kò bá a mu. Kì í ṣe nítorí àríyànjiyàn gírámà nìkan ni a ṣe dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí òpìtàn bá mú ni ó ń sọ bóyá ẹnì kan jẹ̀bi tàbí kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, kí òpìtàn náà tó mú ẹ̀rí kankan wá rárá.

Ìhun ọ̀rọ̀ náà

*Bàjẹ́* wà lára àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe elélàá. Bí kò bá gba àbọ̀, ẹ̀là rẹ̀ méjèèjì yóò dúró pọ̀: *Iṣẹ́ náà bàjẹ́*. Bí ó bá gba àbọ̀, àbọ̀ náà yóò bọ́ sáàárín wọn: *Òjó ba iṣẹ́ náà jẹ́*, *Òjó bà á jẹ́*. Ohùn ìsàlẹ̀ orí *bà* di ohùn àárín níwájú àbọ̀ tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀.

Àwọn kan a máa ṣàlàyé pé nígbà tí kòkòrò bá bà lé nǹkan, tí ó sì jẹ ẹ́, ni a ń sọ pé nǹkan náà bàjẹ́. Àlàyé yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ohùn kò gbè é. *Jẹ* tí à ń jẹ oúnjẹ, ohùn àárín ni ó ní. *Jẹ́* tí ó gbẹ̀yìn *bàjẹ́*, ohùn òkè ni. Èdè tí ó fi ohùn ya igba, igbá àti ìgbà sọ́tọ̀ kò ní gbójú fo ìyẹn. Bí a bá ń wá *jẹ* onóhùn àárín, inú *jẹrà* ni ká ti wá a, níbi tí igi ti jẹrà tí a fi ọwọ́ kàn án tí ó rún.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún wa ni àyè tí *bàjẹ́* ń fi sílẹ̀. Nínú *Òjó ba iṣẹ́ náà jẹ́*, Òjó ni olùwà, òun ni ó sì ṣe é. Nínú *Iṣẹ́ náà bàjẹ́*, a ti gbé iṣẹ́ náà wá sí ipò olùwà, Òjó sì ti sá pamọ́. Ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ ṣì ṣófo sílẹ̀, olùgbọ́ sì lè béèrè pé ta ni ó bà á jẹ́, kí ìbéèrè náà sì bá gírámà mu. Ẹ jẹ́ kí a wá fi *rà* wé e. A máa ń wí pé *iṣu rà*. Kò sí bí a ti lè fi ẹni tí ó mú un rà kún un. Bí a bá ní *Òjó ra iṣu*, ọjà ni Òjó ti ń bọ̀. Owó ni ó fi rà á. *Rà* ti ìdíbàjẹ́ kò ní ìjókòó kankan tí a tẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀daràn.

Àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara *bàjẹ́* kò gbàgbé ẹni tí ó ṣe é. *Ọ̀bàyéjẹ́* ni ẹni tí ń ba ayé jẹ́. *Ìbanilórúkọjẹ́* kò lè ṣẹlẹ̀ láìsí elétè. *Àkẹ́bàjẹ́* ń sọ ohun tí òbí ṣe, kì í ṣe ohun tí ọmọ ṣe: wọ́n kẹ́ ẹ, ó bàjẹ́. *Ìbànújẹ́* pàápàá, tí a ti lò títí tí a kò fi rí ìhun rẹ̀ mọ́, ń sọ fún wa pé inú ènìyàn jẹ́ ohun tí a lè bà jẹ́ bí ẹni ba aṣọ tàbí ọbẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣọ̀fọ̀ àti èyí tí a fi ń fi ẹ̀sùn kan olè owó ìjọba, ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá.

Àwọn ìbátan rẹ̀

Nínú oúnjẹ ni a ti lè rí i dáadáa pé *bàjẹ́* gbòòrò ju àwọn ìbátan rẹ̀ lọ. Iṣu rà, ọbẹ̀ kan, ẹmu kan, búrẹ́dì bu, egbò kẹ̀, aṣọ gbó, aró ara rẹ̀ ṣá, irin dípẹtà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ní ohun tirẹ̀ tí ó ń bá rìn, àkókò sì ni ó ń ṣe iṣẹ́ nínú gbogbo wọn. *Bàjẹ́* lè dúró ní ipò gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dúró ní ipò rẹ̀. Bí ìyàwó ilé bá wí pé ọbẹ̀ ti kan, a ó mọ̀ pé ó ti pẹ́ nílẹ̀ jù, a ó sì da á nù. Bí ó bá wí pé ọbẹ̀ ti bàjẹ́, ìbéèrè kù: ṣé ó kan ni, tàbí ẹnì kan da iyọ̀ sí i jù, tàbí a gbàgbé rẹ̀ sórí iná? Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ilé fi máa ń wo ojú ara wọn nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ti èkejì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìlú, ìdílé mìíràn ni ó ń bá *bàjẹ́* rìn. Ìlú kì í rà, kì í kan, kì í kẹ̀, àfi bí akéwì bá fẹ́ fi wé nǹkan. Ìlú a máa dàrú, a máa tú, a máa fọ́, a máa run, a sì máa dahoro. Ogun a máa *kó* ìlú, ìyẹn ni pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ni a kó lẹ́rú.

*Tú* yẹ fún àkíyèsí díẹ̀. Okùn ni a ń tú, ẹrù ni a ń tú. Ọjà a máa tú ní ìrọ̀lẹ́, ìpàdé a máa tú, kò sì sí ẹni tí ó ń sunkún nítorí rẹ̀. Oníkálukú ń lọ sí ilé rẹ̀ ni. Nítorí náà, nígbà tí Yorùbá bá wí pé *ìlú tú*, ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìlú ni pé ènìyàn tí a so pọ̀ ni í ṣe. Ògiri rẹ̀ lè wà níbẹ̀ síbẹ̀, ojúbọ lè wà níbẹ̀. Bí ìdè bá ti já, ìlú ti tán. Irú òye yìí kò sí nínú "ìṣubú", tí ó ń fi ìlú wé ilé gíga kan tí ó wó lulẹ̀.

Òwe kan wà tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: *Àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́, baálé kú, ilé dahoro.* A ti ń pa á títí a kò fi yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ìlú tí ó wà nínú abala kìíní kún fún ènìyàn; ohun tí ó ṣàìní ni àgbà. Ilé tí ó wà nínú abala kejì kò ní ènìyàn mọ́. *Bàjẹ́* ni ti ibi tí a ṣì ń gbé. *Dahoro* ni ti ibi tí a ti kúrò. Ẹni tí ó pa òwe yìí kò sì wí pé àwọn ọ̀dọ́ ni ó ba ìlú jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà ni ó máa ń fi í bá ọ̀dọ́ wí jù lọ. Àìsí ẹni tí ó yẹ kí ó ṣe nǹkan ni ó dá lẹ́bi. Ó dà bí ẹni pé òwe yìí ti rí àyè olùṣe tí ó ṣófo nínú *ìlú bàjẹ́*, tí ó sì wí pé òfìfo náà gan-an ni ọ̀daràn.

Ọ̀yọ́ Ilé

Ìtàn tí Samuel Johnson parí kíkọ rẹ̀ ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah sì tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni orísun tí ọ̀pọ̀ jù lọ ń lò fún ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ Ilé. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti gbọ́ bí Baṣọ̀run Gáà ṣe gba agbára ní 1754, tí ó sì mú kí Aláàfin mẹ́rin kú ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé: Lábísí, Awọ́nbíojú, Agbólúajé àti Májẹ̀ógbé. Ọjọ́ 130 péré ni Awọ́nbíojú lò lórí oyè. Ní 1774 ni Abíọ́dún rí ẹ̀yìn Gáà. Adébáyọ̀ Fálétí sọ ìtàn yìí di eré-onítàn ní 1972, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé sì ti ka Gáà mọ́ ọ̀bàyéjẹ́ láti ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ náà bá a mu. Ó ní orúkọ, ó ní ilé, a mọ ohun tí ó ṣe: ó ba ipò Aláàfin jẹ́, ní ti pé ó fi han gbogbo ìlú pé a lè fi agbára Ọ̀yọ́ Mèsì pa ọba bí ẹni pa ewúrẹ́. Ẹni tí ó bá tún ìlú ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò lè mú kí wọ́n gbàgbé ìyẹn.

Ṣé Abíọ́dún tún un ṣe? Orin kan wà tí àwọn ará Ọ̀yọ́ fi ayé rẹ̀ wé ayé Aólẹ̀ tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, tí Johnson sì kọ sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí orin náà ti wí, igbá ni a fi ń wọn owó ní ayé ti ìṣáájú, ẹrù ni a sì ń dì kiri ní ayé ti ìkẹyìn. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé *bàjẹ́* kò sí nínú orin yìí rárá. Àwọn tí wọ́n dá a kò dárúkọ ìdàgbàsókè tàbí ìdíbàjẹ́. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni wọ́n sọ, wọ́n wọn owó, wọ́n dì ẹrù. Ẹ̀rí tí ó dára ni fún òpìtàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí tí ó pé. Nígbà tí a fi ń fi igbá wọn owó yìí náà ni Lísàbí kó àwọn Ẹ̀gbá jọ tí wọ́n sì bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ní 1783, Abíọ́dún ṣì wà lórí oyè nígbà tí àwọn Ìbàrìbá ṣẹ́gun ọmọ-ogun Ọ̀yọ́. Níbí, a lè gba *rà* láyè, gẹ́gẹ́ bí àfiwé, láìṣẹ̀ sí èdè. Iṣu tí ó ń rà láti inú, èèpo rẹ̀ a máa dán; ọjọ́ tí a bá gún ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ ni a tó mọ̀.

Aólẹ̀ ni ó gún ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Johnson ròyìn bí ó ṣe pàṣẹ pé kí a kọ lu Àpòmù, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ nígbà tí ó ń ṣòwò kí ó tó jọba. Bí ó ṣe fẹ́ fi ọgbọ́n mú Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, rán an lọ sójú ogun tí kò ní bọ̀. Àti bí ogun náà ṣe yíjú padà tí wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí ọba. Kí ó tó gba ikú, ó ta ọfà sí ìhà àríwá, sí gúúsù, sí ìwọ̀-oòrùn, ó fi ọmọ Yorùbá gégùn-ún pé ibi tí ọfà náà lọ ni a ó kó wọn lẹ́rú lọ. Lẹ́yìn náà ni ó la àwo kan mọ́lẹ̀. Igbá tí ó bá fọ́, a lè rán an. Àwo tí ó bá fọ́ kò ní àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ ni ó sì fẹ́ kí ègún rẹ̀ rí.

A kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́; ọ̀rúndún kan ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ìgbà tí Johnson parí ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ kà á sí àlọ́, àwọn tí wọ́n ń pa àlọ́ náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. *Fọ́* ni ọ̀rọ̀ tí àwo mú wá, òun náà ni a sì ń lò fún ìlú tí ogun wọ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí *bàjẹ́* ni pé a lè tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. *Ba ... jẹ́* àti *tún ... ṣe* ni wọ́n jọ ń rìn lẹ́nu Yorùbá. Ìkíní ń pe ìkejì. *Fọ́* kò pe ẹnikẹ́ni.

Ògiri ìlú náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní January 1826, ó ròyìn odi àti yàrà tí ó yí ìlú ká. Ní 1830, àwọn ará Lander, Richard àti John, dé ibẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ti fi odi náà sílẹ̀ kí ó máa wó, àti pé ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí ogun tí ó ti wọ àárín ilẹ̀ wọn. Àwọn àjèjì ni wọ́n, wọn kò gbọ́ èdè, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn wọn láàfin. Síbẹ̀ ojú lásán rí odi tí ó ń wó. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ọ́. Ẹ̀rín ni òwe yìí máa ń pa wá, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ aláǹgbá ni. Ní Ọ̀yọ́ ti 1830, ògiri gidi ni, Ìlọrin sì wà nítòsí. Àfọ̀njá tí ó pe àwọn Fúlàní mọ́ra ti kú sọ́wọ́ àwọn tí ó pè ṣáájú ìgbà náà.

Lẹ́yìn tí Aláàfin Olúewu kú sójú ogun ní nǹkan bí 1835 tàbí 1836, ìlú tú. Àwọn kan gba Ìbàdàn lọ, àwọn kan gba Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn mìíràn gba Ìjàyè, Àtìbà sì gbé oyè Aláàfin jókòó sí Àgọ́-Ọjà, tí a ń pè ní Ọ̀yọ́ títí di òní. Láti ìgbà náà ni Ọ̀yọ́ Ilé ti dahoro. Ní 1991 ìjọba àpapọ̀ fi ibẹ̀ kún Old Oyo National Park, tí ó tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹtu àti ìnàkí ni wọ́n ń gbé ibi tí Ọ̀yọ́ Mèsì ti ń jókòó.

Bí a bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, a ó rí i pé ó tó ọgọ́rin ọdún tí Ọ̀yọ́ fi wà nínú *bàjẹ́*, tí ó sì jẹ́ pé ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ ni ó fi *tú*. Èyí ni "ìṣubú" ń bò mọ́lẹ̀. Àwọn òpìtàn bí Akínjógbìn, Àtàndá àti Robin Law, tí ìwé rẹ̀ lórí ìjọba Ọ̀yọ́ jáde ní 1977, kò fẹnu kò lórí ohun tí ó fà á. Ẹni tí ó bá gbé e ka orí bí a ṣe pín agbára láàárín ọba, ìjòyè àti ẹrú ààfin ń sọ pé ó rà ni. Ẹni tí ó bá tọ́ka sí Gáà, Aólẹ̀ àti Àfọ̀njá ń sọ pé wọ́n bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá ní ogun Ìlọrin ni, ń sọ pé wọ́n fọ́ ọ. Tiwa ni pé àwọn méjèèjì ìkẹyìn ní ẹ̀rí tí a lè dá orúkọ mọ́, àti pé ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ lo *rà* kọ́kọ́ sọ fún wa ohun tí ó fi mọ̀ pé kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó bàjẹ́ kí ó tó fọ́. Òwu kò bàjẹ́. Ìlú alágbára ni, tí Ìfẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn ọmọ-ogun Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé sàga tì fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín 1810 sí 1830. Ebi ni ó ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun sì pàṣẹ pé kí a má ṣe tẹ̀ ẹ́ dó mọ́. Àṣẹ yẹn fúnra rẹ̀ ń fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé, bí a bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, àwọn onílé yóò padà. Wọ́n padà lóòótọ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Orílé Òwu ni a ń pe ibẹ̀ lónìí. Bákan náà ni Ìjàyè, tí Ìbàdàn fọ́ ní March 1862 lẹ́yìn ikú Kúrunmí, ṣe di Orílé Ìjàyè. *Ahoro* àti *orílé*: ilẹ̀ kan náà ni wọ́n lè jọ jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pe ibẹ̀ ní ahoro ń kọjá lọ ni, ẹni tí ó bá pè é ní orílé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kì í.

Ọwọ́ àwọn atúmọ̀ Bíbélì

Ọ̀kan lára àwọn tí ìlú ti tú mọ́ lórí ni ó wá di ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó nípọn. Ní 1821 ni ogun kó Òṣogùn, tí wọ́n sì mú Àjàyí, ọmọ nǹkan bí ọdún 13, lẹ́rú. Wọ́n tà á léraléra títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní April 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ní 1843, Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tún ojú ara wọn rí ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé pé *kó*, *tú* àti *fọ́* kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé fún un.

Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wọ́n nílò ọ̀rọ̀ fún ohun méjì tí Yorùbá kò tí ì fi sí abẹ́ orúlé kan. Èkíní ni ayé tí ó kún fún ẹ̀ṣẹ̀ ní ìgbà Nóà. Wọ́n mú *bàjẹ́*. Èkejì ni òkú tí ń jẹrà nínú ibojì. *Jíjẹrà* wà nílẹ̀, wọn ì bá mú un, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó ti máa rùn jù lẹ́nu oníwàásù. Ohun tí wọ́n lò nínú Sáàmù àti nínú ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Kọ́ríńtì ni *ìdíbàjẹ́*, ìyẹn *di* àti *ìbàjẹ́*, pẹ̀lú *àìdíbàjẹ́* tí ó jẹ́ òdì rẹ̀. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni. *Di* ń sọ pé ohun náà kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ó yí padà ni. Láti ìgbà náà ni ẹ̀ṣẹ̀ àti òkú tí ń rà ti ń jẹ́ orúkọ kan náà ní èdè wa.

Èso rẹ̀ ni pé *ayé ti bàjẹ́* di gbólóhùn ìwàásù. Ayé tí ó bàjẹ́ nínú ìwàásù, gbogbo wa ni a jọ bà á jẹ́, ó sì ti pẹ́. Nígbà tí ó yá, ẹni tí ó ń ta epo ní òpópónà pàápàá ń wí i nígbà tí àwọn oníbàárà bá ná an lówó pọ́ọ́kú, kò sì retí pé kí a bi òun pé ta ni ó bà á jẹ́. Àyè olùṣe tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ṣì wà nínú gírámà; a kàn ti dẹ́kun bíbéèrè ni. Nígbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí pe eré-onítàn rẹ̀ ti 1973 ní *Rẹ́rẹ́ Rún*, ó jọ pé ó mọ̀ pé *bàjẹ́* ti rẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì lọ mú ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ṣì ń ta etí jí.

"Ìwà ìbàjẹ́"

Ọ̀rọ̀ tí ó wá kù ni ti ìròyìn. Nígbà àtijọ́, bí ẹnì kan bá hùwà ìbàjẹ́, ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ni a ó kọ́kọ́ rò. Láti ìgbà tí a ti dá ICPC sílẹ̀ ní 2000 àti EFCC ní 2003, *ìwà ìbàjẹ́* ti di orúkọ tí àwọn oníròyìn ń pe gbogbo ohun tí àwọn àjọ méjèèjì ń bá jà. A kò bá wọn jà pé wọ́n fẹ ọ̀rọ̀ lójú. Bẹ́ẹ̀ ni èdè ṣe ń dàgbà. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni ohun tí ó ń ti àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn jáde nílé. *Àbẹ̀tẹ́lẹ̀* ń sọ fún wa pé a ti bẹ ẹnì kan sílẹ̀ kí ẹjọ́ tó dé. *Owó ẹ̀yìn* ń sọ ọ̀nà tí owó gbà wọlé. *Rìbá* ti tọ ọ̀dọ̀ àwọn Hausa wá, gbogbo wa sì mọ ohun tí ó jẹ́. *Jìbìtì* ní ẹni tí a lù ní jìbìtì. *Kó owó jẹ* kò fi nǹkan kan pamọ́ rárá: ọwọ́ ni ó kó o, ẹnu ni ó jẹ ẹ́. Nínú ìròyìn alẹ́ kan ṣoṣo, gbogbo wọn lè wọ inú *ìwà ìbàjẹ́* kí a má sì mọ èyí tí ẹni tí à ń wí ṣe.

*Ìwà* tí a fi síwájú rẹ̀ sì ń dá kún un. Ìwà ni ohun tí a bá bí ènìyàn mọ́, tàbí tí ó ti mọ́ ọn lára. Kíkó owó ilé-ìwòsàn jẹ kì í ṣe ìwà. Ìṣe ni, tí ó ní ọjọ́, tí ó ní iye, tí ó ní ìwé tí a fọwọ́ sí. Ní kóòtù, a kò lè fi ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ lásán kan ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ń ka ẹ̀sùn fún olùjẹ́jọ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wí fún un pé ní ọjọ́ báyìí, ní ibi báyìí, ìwọ lágbájá gba iye báyìí lọ́wọ́ tàmẹ̀dò, kí ó tó bi í bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ògbufọ̀ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í lo *bàjẹ́* níbẹ̀ láìfi olùwà àti àbọ̀ sí i.